Kí Ló Ń Ṣe Ìyá Oníbúrẹ́dì?

Búrẹ́dì àárọ̀ ọjọ́ náà wúwo bí ọṣẹ ìfọṣọ. Bàbá Kí-ló-fà-á gé ègé kan níbẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Inú rẹ̀ dì pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti sán.

"Kí ló fà á?" ni ó wí.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láti kékeré. Ó ń tún rédíò ṣe, ó ń tún fáànù ṣe, ó ń tún áyọ́ọ̀nù ṣe, kò sì sí ohun kan tó ń lo iná ní àdúgbò yẹn tí kò tíì tú inú rẹ̀ wò rí. Bí òjò bá rọ̀, á béèrè. Bí òjò ò bá rọ̀, á tún béèrè. Àwọn ènìyàn ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Kí-ló-fà-á ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Abéèrè kì í ṣìnà."

Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń bójú tó ilé búrẹ́dì wọn, dorí kodò.

"Bàbá, mo ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Máṣíìnì pò ó. Mo gé e sínú páànù. Mo dúró títí aago dún, mo sì gbé e sínú ààrò. Kò sí èyí tí mi ò ṣe níbẹ̀."

"Mo gbà. Kí wá ló fà á?"

Ẹni tó mọ èsì jókòó sórí àga tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó káwọ́ lé itan. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, ìyàwó ilé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe búrẹ́dì nínú yàrá ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Láyé ìgbà kan, ẹ gbé irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ẹ wò ó, ilé kẹta ni wọ́n ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó wo búrẹ́dì, ó wo ìka ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

"Ohun tó yẹ kó wú ò wú," ló wí. "Ohun tí kò yẹ kó wú ló ń wú nílé yìí."

Bàbá wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Oríkèé ìka méjèèjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ti wú, ní ọwọ́ ọ̀tún, ní ọwọ́ òsì, ó ń dán bí èso tó ti pọ́n jù. Àìsàn tí wọ́n rò pé àwọn ti lé lọ ti padà wọlé, kò sì kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ lè wà nílé yín. Ní ọdún méjì ṣáájú, obìnrin yìí jí lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò pa dé. Kò lè ṣí ẹ̀rọ omi, kò lè de bọ́tìnnì. Ó lé ní wákàtí kan kí ìka tó dẹ̀. Ó rò pé òun sùn lé ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ẹsẹ̀ méjèèjì ti dara pọ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru àpò ìyẹ̀fun gun òkè, bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀.

Àwọn ará àdúgbò ò kúkú fi ọ̀rọ̀ dù wọ́n. Ọ̀kan ní omi tútù ló wọ̀ ọ́ legungun. Ọ̀kan ní ọjọ́ orí ni, bí ẹni pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ti di arúgbó. Ọ̀kan ní ayé ni. Wọ́n fi òróró pa á títí ara rẹ̀ fi ń yọ̀. Ọkùnrin kan tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri nínú báàgì gún un lábẹ́rẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tù ú, ojú rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀, ìrora náà sì padà dé tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Ìgbà náà ni wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, dókítà sì sọ pé làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ọjọ́ orí ń fà. Rumatọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà ló ṣì í mú, ni wọ́n ń gbógun ti oríkèé ẹni tó ni wọ́n. Kì í ràn. Kì í ṣe àfọwọ́fà. Tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tó ń dá a lẹ́kun kó tó ba egungun jẹ́.

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ti ń pa dé.

Ibẹ̀ ni Bàbá Kí-ló-fà-á ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run ti bá wọn gba ọwọ́ yìí padà, kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tún bà á jẹ́. Ó wá mọ́tò iná àtijọ́ kan, ó so abẹ́ irin mọ́ ọn, ó di máṣíìnì tó ń po ìyẹ̀fun. Ó ṣe aago kan tó ń dún bí ìyẹ̀fun pípò bá ti jókòó tó iye ìṣẹ́jú tí ó ṣètò sí i. Ó fa ilé búrẹ́dì lé Àbígbẹ̀yìn lọ́wọ́. Ó ra àga tìmùtìmù fún ìyàwó rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, "Sinmi" di orin ilé wọn. Bí obìnrin náà bá mú ọ̀bẹ, "Gbé e sílẹ̀, sinmi." Bí ó bá mú ìgbálẹ̀, "Ta ló rán ọ? Sinmi." Bí ó bá dìde láti lọ yọjú sí ilé búrẹ́dì, Àbígbẹ̀yìn á ní, "Màmá, ooru ibẹ̀ pọ̀, ẹ lọ sinmi." Àwọn aládùúgbò ń yin Bàbá pé ọkọ gidi ni. Èmi náà ì bá yìn ín.

Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ tún wú yìí, ẹnu yà á. Ìyàwó òun ò ṣiṣẹ́. Ìyàwó òun ń lo oògùn. Kí ló fà á?

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ rédíò á mọ̀ pé wọn kì í kàn ṣàdédé tú u. Ibi tí iná ti ń wọlé ni wọ́n ti ń tọ̀ ọ́ bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi dé ibi tó já. Bàbá mú ìwé àjákọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tọ wáyà. Ọjọ́ Ajé: òjò rọ̀, ó jẹ ẹ̀wà, ọwọ́ wú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: oòrùn ràn, ó jẹ ìrẹsì, ọwọ́ wú. Ọjọ́rú: kò sí òjò, kò sí oòrùn, kò fẹ́ jẹun, ọwọ́ wú. Ó kọ bó ṣe sùn. Ó kọ irú bàtà tó wọ̀. Ó gbé ike oògùn lọ bá apòògùn, ó bi í bóyá ó ti bàjẹ́. Apòògùn wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ó ní kò bàjẹ́.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, "ṣé rédíò ni mí ni?"

"Rédíò ì bá tiẹ̀ ti sọ̀rọ̀."

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí."

Ó sì yíjú sí fèrèsé.

Bàbá ṣàkíyèsí ohun kan tí kò mọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí nínú ìwé: obìnrin náà ò bínú mọ́. Ẹni tó máa ń bá rédíò jiyàn, tó máa ń pe olóyè ní ole lójú olóyè, kò bínú sí nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, obìnrin náà wọlé lọ wẹ̀. Ẹsẹ̀ àga tìmùtìmù ti ń dún kíuuu láti bí ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá ò sì lè fara da ohun tó bá ń dún láìmọ ìdí rẹ̀. Ó dojú àga dé kí ó lè rí ibi tí ìdè rẹ̀ ti tú, kí ó sì dè é le. Bó ti dojú rẹ̀ dé, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ láti àárín tìmùtìmù. Tó, tó, tó. Kéékèèké ni wọ́n, wọ́n yí káàkiri ilẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó ṣà wọ́n jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Oògùn ni. Oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìwẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí eékún, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ojú kan ojú.

Bàbá ò jágbe. Ìyàlẹ́nu ò jẹ́ kí inú ráyè bí i. Ó kàn béèrè bó ṣe máa ń béèrè.

"Ìyá ọmọ mi, kí ló fà á?"

Obìnrin náà jókòó sí etí ibùsùn.

"Oògùn yẹn máa ń rìn mí lọ́fun," ló wí. "Bí mo bá lò ó lónìí, inú mi á máa rú títí di ọ̀la. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe búrẹ́dì, mo ń fara dà á. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, gbé e mì, iṣẹ́ ń bẹ. Ní báyìí, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ tó sàn ṣe? Kí n ká a lé itan? Kí n máa fi júwe òde? Ọwọ́ tó wú náà lè ká a lé itan."

"Ó lè ba egungun rẹ jẹ́! Ó lè sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń gbé!"

"Ṣebí ẹ ti ń gbé mi."

Bàbá jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, oògùn lọ́wọ́.

"Mo rò pé ìfẹ́ ni," ló wí.

"Ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ìyẹn ni mi ò fi lè sọ fún yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bá ẹni tó fẹ́ràn mi jà nítorí pé ó ní kí n sinmi? Ṣùgbọ́n ó ń pa mí, Bàbá ọmọ mi. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ yẹn, mo ń gbọ́ aago yín tó ń dún, mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun náà ò tíì tó, kò sì sẹ́ni tó bi mí."

Ó bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó jókòó tì í, òun náà sì sunkún. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ fún yín.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n wà nílé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn onílàkúrègbé kúrú, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Bàbá gbé ìwé àjákọ rẹ̀ lé tábìlì. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó kà á, ó bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ tiẹ̀ kọ irú bàtà tí wọ́n wọ̀!"

"Mi ò mọ ibi tí iná ti já ni."

Nọ́ọ̀sì pa ìwé dé, ó kọjú sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹni tó ti ro ti oògùn inú tìmùtìmù fún un. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀yin kọ́ sì lẹ máa ṣe é kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín mọ́, ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ fẹ́ lo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti dí èyí tí ẹ fò. Dókítà ló máa sọ bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀ padà. Inú rírú yẹn, ó yẹ kí ẹ ti sọ fún wa. Ohun tí a lè ṣe sí i wà."

Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan tí Bàbá, pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè ayé rẹ̀, kò rántí láti béèrè rí.

"Màmá, nínú gbogbo iṣẹ́ yín, èwo ni àárò rẹ̀ ń sọ yín jù?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe pípò rẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa po ìyẹ̀fun kó yáa gbà á. Títẹ̀ ẹ́ wò ni. Bí ó bá ti jókòó nínú páànù, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi bó bá ti tó."

"Ṣé ìyẹn ń dùn yín lọ́wọ́?"

"Títẹ̀ lásán? Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Bàbá. "Ẹ gbọ́? Iṣẹ́ tó ń dùn wọ́n, ẹ ti bá wọn wá máṣíìnì sí i, ẹ ṣeun, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ tún gba èyí tí kò dùn wọ́n. Ó dà bí ìgbà tí ẹ tún rédíò ṣe tán, ẹ dì í pa, ẹ wá rí i pé ẹ gbàgbé ohun kan sórí tábìlì, ohun náà ló sì ń mú un sọ̀rọ̀."

Bàbá fọwọ́ lérán. Ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

"Ṣé kò wá ní sinmi ni?" ló béèrè.

"Wọ́n á sinmi. Bí oríkèé bá ń gbóná tó ń wú, ìsinmi dára fún un. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sinmi láàárín iṣẹ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oríkèé tí kò bá rìn rárá á tún le sí i. Èkejì, ohun tí a máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn wa ni pé ẹni tó ní ohun tó ń jí fún, tó mọ̀ pé ẹnì kan tàbí iṣẹ́ kan ń retí òun, ọkàn rẹ̀ máa ń fúyẹ́ ju ti ẹni tí kò ní lọ, ó sì rọrùn fún un láti fara da ìtọ́jú. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ni oògùn o! Ẹ má lọ wí fún àwọn ará àdúgbò pé Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n da oògùn nù. Oògùn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti ní ìdí tó fi ń gbé e mì."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ṣètò bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, ó fi òmíràn tí yóò dín inú rírú kù mọ́ ọn. Obìnrin náà béèrè bóyá òun lè máa lò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí wọn kì í ṣe búrẹ́dì ní ọjọ́ Àìkú. Dókítà ní kò burú, kó ṣáà ti jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Oníbúrẹ́dì padà wọ ilé búrẹ́dì. Bàbá ti gbé àga gíga kan síbẹ̀ tó bá tábìlì mu. Ó ti fi aṣọ tó nípọn wé èèkù ọ̀bẹ kí ìka má bàa ní láti dì í mú pinpin. Ó ti ìsọ̀ rédíò rẹ̀ pa, ó ní òun fẹ́ wò.

Àbígbẹ̀yìn fajú ro díẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Oṣù márùn-ún ló ti fi ń dá ṣe é, àwọn oníbàárà sì ti ń dín kù. "Ṣé Màmá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" ló bi bàbá rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. "Kí n gba kí ni? Ìwọ ló ní apá. Èmi ní àtàǹpàkò. Wá síbí."

Máṣíìnì pò ó tán. Wọ́n gé e sínú páànù, wọ́n fi aṣọ bò ó. Nígbà tó yá, aago Bàbá dún. Àbígbẹ̀yìn nawọ́ sí páànù.

"Dá a dúró," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó ṣí aṣọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun náà, ó gbé e kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ fò padà sókè lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójijì.

"Kò tíì tó. Tó bá tó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa ń padà, kò sì ní padà tán. Tó bá kọ̀ tí kò padà mọ́, ó ti kọjá àyè. Ìwọ náà tẹ̀ ẹ́."

Àbígbẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́. Bàbá náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n lé ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó dọ̀tí.

"Ṣùgbọ́n aago dún," ni Bàbá wí. "Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, iye ìṣẹ́jú yìí tó o. Kí ló fà á?"

"Ooru ló mú nígbà yẹn. Ní báyìí, òtútù ti dé. Òtútù máa ń sọ ìyẹ̀fun di ọ̀lẹ. Aago yín ò mọ̀ pé òtútù mú."

Bàbá la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo búrẹ́dì tó wúwo bí ọṣẹ ló kọjá lójú rẹ̀. Òtútù! Nǹkan tí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ̀ láti ọjọ́ kìíní! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Wọ́n dúró. Ó pẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹun tó tún fọ abọ́. Obìnrin náà tún tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ tàn, ó ní, "Ó yá." Búrẹ́dì tó jáde lọ́jọ́ náà rọ̀ nínú, ó sì pọ́n lẹ́yìn. Àbígbẹ̀yìn bù ú jẹ ní gbígbóná, ó jó o lẹ́nu, kò dúró.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dára o. Irọ́ ni n ó pa fún yín bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ayọ̀ kó sí Ìyá Oníbúrẹ́dì lórí, ó gbé páànù búrẹ́dì méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá apá òun ṣì ká a. Apá rẹ̀ ò ká a. Ọjọ́ méjì ló fi dùbúlẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. "Sinmi" ti dé ẹnu ọkọ rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó béèrè nǹkan mìíràn.

"Èwo nínú iṣẹ́ yìí lo fẹ́ kí n bá ọ gbé, èwo lo fẹ́ kí n fi sílẹ̀ fún ọ?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Ẹ gbé páànù. Ẹ fi gbogbo ẹnu mi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n tún yí àkókò padà. Níwọ̀n ìgbà tí òwúrọ̀ ti jẹ́ àkókò tí ìka rẹ̀ ń le jù, wọn ò ṣe búrẹ́dì ìdájí mọ́. Ó máa ń jí, á ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa ká ìka, á máa na ìka, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí oòrùn bá gòkè, á wọ ilé búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà kùn. "Búrẹ́dì ọ̀sán kẹ̀?" Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó kùn mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń bá rédíò jiyàn padà, aládùúgbò ilé kẹta sì ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Bàbá ní kó máa fọ́ ọ lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n padà lọ fún àyẹ̀wò. Wíwú náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ìka kan ní ọwọ́ òsì ti tẹ̀, kò ní nà mọ́. Dókítà sọ ọ́ fún un láìfi pa mọ́. Nígbà tí ó dá oògùn dúró ni egungun ibẹ̀ bàjẹ́. Obìnrin náà wo ìka náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ṣì ní mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dìde fúnra rẹ̀, ó bu omi, ó gbé oògùn rẹ̀ mì. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ẹ sì mọ̀ pé kò lè dákẹ́.

"Kò sẹ́ni tó rán ọ létí. Kí ló fà á tí o ò fi gbàgbé?"

"Mo níṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé," ló wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ tó kù kò pọ̀. Bí oríkèé ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ yín bá ń wú, tó ń dùn yín lọ́tùn-ún lósì, tó sì ń le yín lára láàárọ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má fi òróró tàn án jẹ, ẹ má sì na apá fún ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri nínú báàgì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Àìsàn yìí máa ń mú ọ̀dọ́, ó máa ń mú àgbà, àwọn obìnrin ló sì ń mú jù. Ẹni tó bá tètè lọ ló ń jèrè.

Bí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni kí ẹ sọ fún. Tìmùtìmù ò gbọ́ èdè. Bí ọkàn yín bá wúwo, tí nǹkan kan ò wù yín ṣe mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn, nítorí ara àìsàn náà ni, kì í ṣe ìwà burúkú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, ọ̀rọ̀ yín ló kàn yìí. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfẹ́. Ẹ máa gbé ohun tó wúwo fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wọn, ẹ bi wọ́n. Bí wọn ò bá lè hun aṣọ mọ́, wọ́n lè yan àwọ̀ òwú. Bí wọn ò bá lè di ṣọ́ọ̀kì mú, wọ́n lè gbọ́ ìwé tí ọmọ ń kà. Nǹkan kan á wà tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé yẹn. Ẹ wá a kàn, kí ẹ gbé e padà lé wọn lọ́wọ́ lónìí.